Lẹ́tà Ilé Ìwòsàn Tí Mo Pa Rẹ́

Mi ò kì í pariwo bí inú bá ń bí mi. Ọwọ́ ni mo fi ń bínú. Bí ọbẹ̀ bá jóná, n ó gbé e sọnù tòun ti ìkòkò. Bí ẹnìkan bá sọ ohun tí kò dùn mọ́ mi lórí fóònù, n ó ti pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ kí n tó ronú. Mo ti fi ìwà yìí pa ara mi lára lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo fi pa ẹlòmíràn lára, mi ò tíì lè sọ ọ́ fún un títí di òní.

Lọ́dún tí gbogbo wa ń tò ní báńkì nítorí BVN, ímeèlì kan ṣoṣo ni ẹbí wa ní, tèmi sì ni. Àwọn ará ilé, lápá Kàbà lọ́hùn-ún, gbà pé ẹni tó ń gbé Àbújá ló yẹ kó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù bá ti béèrè ímeèlì, tèmi ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, wọn kì í sì í tọrọ ààyè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi gba fọ́ọ̀mù ìdánwò, bàbá mi kékeré fi ṣí àkáǹtì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ń fi fọ́tò ìpàdé ránṣẹ́ síbẹ̀, ogún lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn àgbà kan náà lórí àga rọ́bà kan náà. Mo máa ń kùn, àmọ́ ká má parọ́, ó ń dùn mọ́ mi nínú pé ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń gbà.

Àbúrò mi kan wà, ọmọ àbúrò ìyá mi, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan nílùú wa. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ káfíńtà ní Jahi, ní Àbújá níbí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun lójoojúmọ́. Ó ti di ọdún kẹta tí wọ́n ṣègbéyàwó, wọn ò sì tíì gbé pọ̀ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Nígbà tí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Maitama ń wá nọ́ọ̀sì, ó wá ṣe ìdánwò, ó sùn sílé wa ní Lokogoma. Wọ́n ní ímeèlì làwọn máa fi pe ẹni tó bá yege. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló ń lò, ló bá kọ tèmi síbẹ̀. Kó tó wọkọ̀ padà, ó kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀ páàkì, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi wò ó."

Mo ní, "Má yọ ara ẹ lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni n ó máa wò ó."

Mo wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbàgbé ọjọ́ kan, mo gbàgbé ìkejì.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé ìwé ọmọ mi ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún. Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá wa lóhùn nílé, fẹ́ ka Sáàmù kan lédè Yorùbá. Oṣù kan gbáko la fi kọ́ ọ. Bó ṣe la ẹnu báyìí, mo gbé fóònù sókè láti gbà á sílẹ̀, fóònù ní kò sáyè mọ́. Mo pa fọ́tò kan rẹ́, ó ní kò tó. Mo tún pa mẹ́ta. Kí n tó gbójú sókè, àwọn òbí ti ń pàtẹ́wọ́, ọmọ mi sì ń wojú mi bóyá mo gbọ́.

Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ nínú ọgbà ilé ìwé, mo ṣí ímeèlì tí fọ́tò àwọn ará ilé ti kún fọ́fọ́. Àwọn tí mi ò tíì ṣí lé ní ẹgbẹ̀rún. Mo ní ẹ ti sọ mí di ilé ìfìwéránṣẹ́, ó dáa, ẹ máa wò mí. Mo mú gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, mo pa á rẹ́. Mo mọ̀ pé ohun tí a bá pa rẹ́ ṣì máa ń jókòó síbì kan fún ọjọ́ mélòó kan kó tó lọ pátápátá. Mo lọ bá a níbẹ̀. Fóònù bi mí bóyá mo fẹ́ pa wọ́n rẹ́ títí láé, pé wọn ò ní í ṣeé dá padà. Kí n sọ òótọ́: mo rí orúkọ ilé ìwòsàn náà lókè pátápátá. Mo rí i, mo sì sọ fún ara mi pé ìpolówó lásán ni, torí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ dúró. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ara tù mí, mo lọ mú ọmọ mi, mo wakọ̀ lọ sílé, mo lọ se ìrẹsì.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ àbúrò mi wá bá wa tún ilẹ̀kùn kíṣíìnì ṣe. Ó ní, "Àǹtí, ìyàwó mi ní kí n bi yín. Ẹni tí wọ́n jọ jókòó nígbà ìdánwò ti rí lẹ́tà gbà. Àná ni wọ́n ní kí àwọn tó yege wá."

Mo gbé fóònù, mo ń fọwọ́ fà á sókè sódò bí ẹni tó ń wá nǹkan. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, irọ́ sì ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó padà sídìí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ sí Maitama fúnra mi. Obìnrin tó ń gbàlejò nílé ìwòsàn náà wo ìwé rẹ̀, ó ní orúkọ àbúrò mi wà níbẹ̀, ipò kẹta ló wà, wọ́n pè é, kò yọjú, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi ni mo fà á. Ó ní òun ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Mo sunkún nínú ọkọ̀, mo sì pinnu pé n ó pe àbúrò mi bí mo bá délé.

Òun ló kọ́kọ́ pè mí. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú pé a dà yín láàmú. Bóyá máàkì mi ni kò tó. Ẹ ṣeun tí ẹ ń wò ó lójoojúmọ́." Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu dà nù. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, gbogbo ẹbí á gbọ́. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ọdún kejì, mo rí i pé ilé ìwòsàn mìíràn tún ń wá nọ́ọ̀sì. Mo ṣí ímeèlì lórúkọ rẹ̀, mo gba fọ́ọ̀mù, mo pè é pé ó ku kó wá.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ fi mí sílẹ̀. Wọ́n ti yẹ̀ mí wò lẹ́ẹ̀kan, mi ò yege. Mo ti mọ ibi tí ọpọlọ mi mọ. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé kó máa wá kí mi bó bá ráyè."

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, kó gbàdúrà sí i. Ó ní àmín, kí n bá òun kí ọmọ.