Ọdún Tí Oyèníkẹ́ Kọ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Ọba

Oyèníkẹ́ kì í ṣe ojo o, kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Tísà ìtàn ni ní ilé-ìwé girama kan l'Ágége, ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí s'Ékòó, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2006, ẹ̀rù bà á gan-an.

Ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, ló fà á. Ó wá ìlú bàbá rẹ̀ níbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ló bá: ìlú kan ní Nàìjíríà. Ó ní, "Èèwọ̀! Abúlé òyìnbó tí kò ju ogún ilé lọ ní ojú ewé mẹ́ta!" Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń lọ sí kafé kan l'Ótìgbá, n'Ìkẹjà, ó ń kọ ìtàn ìlú síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ̀, Olóyè Akínfẹ́nwá, ọ̀kan nínú àwọn afọbajẹ mẹ́fà, ló ń ka orúkọ àwọn ọba fún un lórí fóònù. Ó kọ ọdún tí kálukú gorí oyè àti ọdún tó wàjà. Ọba tó wà lórí ìtẹ́ nìkan ni kò ní ọdún kejì.

Lọ́jọ́ Tusidé kan, bàbá pè é. "Má wálé lọ́sẹ̀ yìí. Kábíyèsí ti wàjà. A ò tíì kéde o, etí kejì ò gbọdọ̀ gbọ́."

Ẹ kúkú mọ̀ wá. Bí àwọn olóyè ò bá tíì kéde, ọba ò tíì kú. Ẹni tó bá béèrè, wọ́n á ní Kábíyèsí ń jẹun lọ́wọ́. Oyèníkẹ́ ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ sọ fún Ọláwọlé ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Sátidé, tó rí àyè òfìfo yẹn, ọwọ́ ń yún un. Ó ní ẹnu lòun kò gbọdọ̀ fi sọ ọ́, òun ò sì fẹnu sọ ọ́. Ta ló tilẹ̀ ń wo kọ̀ǹpútà nílé? Ó bá tẹ 2006 síbẹ̀. Ẹ wo ìwà alákọ̀wé!

Ní Ọjọ́rú, Bọ̀ọ̀dá Moses, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú n'Ìkẹjà, pè é. Kò mọ̀ pé Oyèníkẹ́ ló ń kọ ìtàn ìlú síbẹ̀.

"Tísà, ìlú ti gbóná! Ẹnì kan ti gbé ikú Kábíyèsí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ wa kan ní London rí i, ó sì fóònù ààfin. Àwọn afọbajẹ nìkan ló mọ̀, wọ́n á fi irin ààfin búra. Ẹni tó bá parọ́, kò ní rí ọjọ́ keje."

Oyèníkẹ́ ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fi kíláàsì sílẹ̀, ó sáré lọ s'Ótìgbá, ó pa 2006 rẹ́. Ó rò pé ó tán. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kì í gbàgbé nǹkan: ó tẹ ibi tí wọ́n ń kó àtúnṣe àtijọ́ sí, ó bá ohun tó pa rẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí, àti orúkọ tó fi ń kọ̀wé, Ọmọ Akínfẹ́nwá. "Mo gbé!" ló ké. Gbogbo kafé yíjú sí i.

Ó bọ́ síta, ó pe bàbá rẹ̀ láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má búra! Èmi ni mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ló tún ń kọ̀tàn ìlú wa? Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á bi mí pé ta ni mo sọ fún. Àwọn ọmọ ìlú mọ ilé rẹ l'Ágége."

"Ẹ dá oyè wọn padà fún wọn, Bàámi! Ẹ ṣáà má búra!"

"A ti búra láàárọ̀ yìí, Oyèníkẹ́. Mo ní n kò sọ fún ẹnikẹ́ni."



Bàbá ní, "Má sọ fún ìyá rẹ," ó sì pa fóònù.

Oyèníkẹ́ dúró lójú títì, ó ń ka ọjọ́ lórí ìka: Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì.