Ilé Ìdáná Tó Nílẹ̀kùn

Ìwà ọ́fíìsì ni mo fi ba ọ̀rọ̀ ilé wa jẹ́. Ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, lẹ́tà mẹ́ta kan wà tí a máa ń kọ sí igun ìwé tí a kò tíì fẹ́ ṣe ohunkóhun sí: K.I.V. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ìwé náà ṣì wà níbi tójú wa ti lè tó o. A kò gbà á, a kò sì kọ̀ ọ́. Ìwé tí a bá ti kọ ọ́ sí lára, kí ẹni tó ni ín má wulẹ̀ dúró dè é mọ́. Àìmọye ìgbà ni mo ti kọ ọ́ sára ẹ̀bẹ̀ ẹlòmíì, tí mo sì lọ jẹun ọ̀sán. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sára ìwé ilé ara mi.

Jíkwòyí, létí Àbújá, la ń gbé nígbà náà, yàrá méjì nínú ilé tí àwa ayálégbé mẹ́fà jọ ń lò. Balùwẹ̀ kan, kọ́rídọ̀ kan. Kọ́rídọ̀ yẹn ni ìyàwó mi ti ń dáná. Tíṣà ni, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò, kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń dùn ún. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí balùwẹ̀ ló ń wo inú ìkòkò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹran bá pọ̀, wọ́n á kí wa kú oríire. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹran, wọ́n á kí i pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀. Obìnrin kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa tilẹ̀ máa ń ṣí ìdérí, á fi ìka tọ́ ọbẹ̀ wò, á ní iyọ̀ kù. Ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín. Tó bá wọlé tán, á ní kò sí ohun tí òun ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ju ilé ìdáná tó nílẹ̀kùn lọ. Èmi á ṣe àmín, mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ìjọba ń kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún àwa òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà Gwagwalada. Gbogbo wa ní ọ́fíìsì la gba fọ́ọ̀mù, bí a ṣe máa ń gba gbogbo fọ́ọ̀mù, láìretí nǹkan kan. Àfi bí lẹ́tà ṣe dé ní ọdún 2013 pé wọ́n ti fún mi ní ilé oníyàrá méjì. Kí n ṣáà kọ̀wé láàárín oṣù mẹ́ta pé mo gbà á, wọn yóò sì máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù mi.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi àti ìyàwó mi lọ wò ó. Kí n má parọ́, ibẹ̀ kò wù mí. Títì ọ̀dà ti parí kí a tó débẹ̀, erùpẹ̀ pupa la fi ẹsẹ̀ rìn. Kò síná, kò sómi, ilé kàn tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ nínú igbó láìní fèrèsé. Màláàmù tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kí wa ní sànnu, ó bi wá bóyá a ṣìnà ni. Mo fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi.

Ìyàwó mi kò tiẹ̀ gbọ́. Ó ti wọ inú ilé náà lọ, ó gba àárín àwọn yàrá kọjá láìwò wọ́n, ó dé ilé ìdáná. Ibẹ̀ kò ju kí ènìyàn méjì dúró lọ. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi wọn ògiri, ó ń tọ́ka sí ibi tí gáàsì máa wà àti ibi tí garawa omi máa wà. Ilẹ̀kùn ti wà níbẹ̀, pákó lásán tí wọn kò tíì kùn. Ó fọwọ́ kàn án ṣùgbọ́n kò tì í. Ó ní ọjọ́ tó bá di tiwa ni òun máa tì í.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká gbà á," ló wí. "Gbogbo Àbújá yìí, ṣebí igbó ni tẹ́lẹ̀?"

Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Nílùú wa, bí o tilẹ̀ fi ogún ọdún ṣe ọ̀gá ní Àbújá, tí o kò bá nílé nílé, àlejò ni ọ́ níbi ìsìnkú bàbá rẹ. Gbogbo Kérésìmesì ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń mú mi lọ wo ilẹ̀ tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, tí koríko ti bò. Èmi náà gbà pé oko ni Àbújá, ilé sì ni àbọ̀ sinmi oko. Owó oṣù kan ò lè kọ́ ilé méjì. Mo ṣàlàyé fún ìyàwó mi, mo sì ṣèlérí pé ilé ìdáná tí n óò kọ́ fún un ní Èkìtì yóò tóbi tó èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ láàfin.

Ká ní mo kọ ilé náà gbangba ni, à bá jà, bóyá ì bá sì borí mi. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Mo kọ K.I.V. sí igun lẹ́tà, mo tì í bọ inú fáìlì, mo ní a ṣì ń rò ó. Mo ní ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúró kí òun wá sí Àbújá ká jọ jókòó. Kò wá. Ìyàwó mi rán mi létí nídìí oúnjẹ, ó tún rán mi létí nígbà tí a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi bírò tuntun lé orí fáìlì náà lórí tábìlì. Mo mú bírò náà lọ sí ọ́fíìsì.

Oṣù mẹ́ta pé. Wọ́n gbé ilé náà fún obìnrin kan tó wà lábẹ́ mi níbi iṣẹ́. Ìyàwó mi kò dárúkọ ilé náà mọ́, n kò sì gbọ́ àdúrà ilẹ̀kùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo rò pé ó ti gbàgbé.

Mo kọ́ ilé Èkìtì. Ọdún mẹ́rin gbáko ló gbà mí. Ilé ìdáná rẹ̀ fẹ̀ lóòótọ́, táìlì ni láti ilẹ̀ dókè. Lọ́jọ́ tí a ṣí i, àkọ́bí wa, ọmọ Àbújá tó ń gbọ́ Yorùbá tó sì ń fi òyìnbó dáhùn, rọra bi mí pé, "Daddy, who's going to live here?" Mo ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Kérésìmesì méjì péré ni ìyàwó mi ti dáná níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kó sìmẹ́ńtì rẹ̀ sí i báyìí.

Ní 2019, obìnrin tó gba ilé ọ̀nà Gwagwalada náà pè wá wá bá òun dúpẹ́. Ọmọ rẹ̀ gboyè ní yunifásítì. Mo fẹ́ wá àwáwí, ìyàwó mi ní a máa lọ. Títì ti dé ibẹ̀. Iná ti wà, omi ti wà, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Nọ́ńbà ara ògiri ni mo fi dá ilé náà mọ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí wa, ó ń pè mí ní ọ̀gá òun, ojú sì ń tì mí.

Ìyàwó mi dìde láti lọ bá wọn bu oúnjẹ. Nígbà tó ṣe, gbogbo àwọn tó ń bu oúnjẹ ti gbé àwo jáde tán, n kò rí i. Mo wá a lọ. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wà ní títì, wọ́n ti kùn ún ní búlúù. Mo kàn án, ìyàwó mi ló ṣí i. Kò sí ẹnikẹ́ni pẹ̀lú rẹ̀. Kò gbé nǹkan kaná, kò fọ nǹkan kan. Mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan, Dádì," ló wí. "Mo kàn tì í wò ni."

Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ ní pálọ̀, wọ́n ti ń pè wá, mo ní ó dìgbà tí a bá délé.

A délé, ó bọ́ aṣọ òde, ó gbé sítóòfù jáde sí kọ́rídọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wá bí n óò ṣe bẹ̀rẹ̀. Obìnrin òdìkejì ń bọ̀ láti balùwẹ̀. Ó ṣí ìdérí ìkòkò, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní iyọ̀ kù. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó bu iyọ̀ sí i.