Ẹyin Adúmáadán, Inú Ẹlòmíràn

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ará ibùso ẹṣin ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ sí ẹṣin létí nìyẹn bó bá fẹ́ wọlé tọ̀ ọ́: "Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, èmi ni." Ọ̀dọ́mọbìnrin ni nígbà tó débẹ̀, ọdún yẹn náà ni Ọ̀gá tó ni ibùso ra Adúmáadán.

Abo ẹṣin dúdú ni Adúmáadán, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó ti gba ìpá nìyẹn, àfi Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń ha ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ pátákò rẹ̀, òun ló ń fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn eré ìje. Ẹṣin náà mọ eré í sá, débi pé àwòrán rẹ̀ gba gbogbo ògiri ọ́fíìsì Ọ̀gá.

Jẹ́jẹ́ fẹ́ télọ̀ kan. Ọdún ń gorí ọdún, oyún ò dé. Ó lọ bá Ọ̀gá pé kó fún òun láyè ọjọ́ kan kí òun lọ rí dókítà.

"Dókítà kẹ̀?" ni Ọ̀gá wí. "Eré ńlá ló wà níwájú wa yìí. Bí o bá lọ, ta ni Adúmáadán máa gbà fún? Ṣé ọmọ ń sá lọ ni? Ìwọ náà ṣáà ṣì kéré."

Eré yẹn tán, òmíràn dé. Dókítà tó ń tọ́jú àwọn ẹran gba Ọ̀gá nímọ̀ràn pé kó jẹ́ kí Adúmáadán bímọ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ọ̀gá ní ẹṣin tó lóyún kì í gba ife ẹ̀yẹ.

Ìgbà kì í sì í lọ bí òréré. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ rí ilé ìwòsàn dé, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ bó ṣe wọlé.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní mo pẹ́."

Télọ̀ mi orí, ó yí ẹsẹ̀ máṣíìnì, ó ń ránṣọ rẹ̀ lọ. Kò bú u rí, kò sì béèrè mọ́. Jẹ́jẹ́ ì bá fẹ́ kó bú òun.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Adúmáadán ò gbé eré mọ́ ni ojú ọmọ wá ń pọ́n Ọ̀gá. Wọ́n mú akọ wá. Oyún dúró, ó wálẹ̀. Wọ́n tún mú akọ mìíràn wá, kò tilẹ̀ dúró.

"Ọjọ́ orí ni," ni dókítà ẹran wí. "Gbogbo ẹyin tó máa lò láyé ló ti bá a wáyé, wọ́n ń bá a gbó ni. Ilé ọmọ rẹ̀ náà ò lè fọ ara rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Ṣé kò sí ọgbọ́n ni?"

"Ọgbọ́n wà. A lè fi abẹ́rẹ́ fa ẹyin jáde, ká pa á pọ̀ mọ́ àtọ̀ níta, ká wá gbé e sínú abo tó ṣì kéré. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ò lè sọ ẹyin tó gbó di tuntun o."

"Ohun tó bá gbà la máa fún un," ni Ọ̀gá dáhùn.

Jẹ́jẹ́ ló di okùn ẹṣin mú. Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ọ̀gá, ọjọ́ kan péré ni mo tọrọ lọ́wọ́ yín nígbà tèmi."

Ọ̀gá wò ó bí ẹni pé okùn ló sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ wo?"

Kò rántí lóòótọ́. Ìyẹn ló dun Jẹ́jẹ́ wọra.

Wọ́n fa ẹyin títí. Wọ́n á fún Adúmáadán ní oògùn, orí rẹ̀ á wúwo sí èjìká Jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gbọ̀n. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyin náà bàjẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló mú, abo pupa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ló gbé e, ó sì bí akọ dúdú. Ọ̀gá jó lórí koríko. Adúmáadán yọ orí lókè ilẹ̀kùn, ó wo ọmọ náà bí ẹni wo àlejò aládùúgbò, ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ti sọ inú rẹ̀ di egbò. Ọ̀gá ní òun ò lè máa bọ́ ohun tí kò wúlò.

"Ẹ fún mi, sà," ni Jẹ́jẹ́ bẹ̀bẹ̀.

"Ibo lo máa so ó mọ́? Ìdí máṣíìnì ọkọ rẹ?" Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Jẹ́jẹ́ dé, ó bá yàrá Adúmáadán lófìfo, wọ́n ti fọ̀ ọ́, koríko tuntun ti wà nílẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí wọ́n mú ẹṣin náà lọ. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọ́ sára ìṣó, ó lọ sílé, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ń bá a ṣẹ́ etí aṣọ.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí i pé kó padà wá. Ọmọ ẹṣin náà ń jẹ ènìyàn, kò gba fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ ní kí Ọ̀gá lọ pe ìyá ọmọ náà fún un," ni Jẹ́jẹ́ sọ fún ìránṣẹ́. "Ó ṣáà ní méjì."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ ò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wá ojú abẹ́rẹ́ tó fẹ́ ki òwú bọ̀.