Àwọn Tí Kò Fẹ́ Yọ Dókítà Lẹ́nu

Gìrììììn gígùn méjì, gìrìn kúkúrú kan. Bí tẹlifóònù ilé wọn ṣe máa ń dún nìyẹn nígbà tí Ardis Kvamme ṣì kéré débi pé ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni wọ́n ń gbé e jókòó sí kí òtútù má bàa mú un. Wáyà kan ṣoṣo ló so gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà náà pọ̀, lẹ́yìn ìlú Tolvik, ní Minnesota, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí tirẹ̀ ṣe ń dún. Gígùn kan, kúkúrú méjì, ti àwọn Sletten nìyẹn. Bó bá ti dún, ìyá Ardis á nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ nù, á rọra gbé tẹlifóònù, á sì dá èémí dúró láti gbọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní òfófó. "A kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà ni," ni ìyá náà máa ń wí, á sì tún tọwọ́ bọ ìyẹ̀fun.

Ọmọ náà dàgbà, ó lọ́kọ, ó sin ọkọ, ó sì di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà kílíníìkì Dókítà Lyle Brandvold. Òun ló ń dáhùn tẹlifóònù, òun ló ń fún àwọn èèyàn lọ́jọ́ tí wọn yóò wá, òun náà ló máa ń mọ ẹni tó ń parọ́ pé òun ti jáwọ́ nínú sìgá. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn dókítà fi fáìlì oníwèé sílẹ̀, kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ ìlera àwọn èèyàn sórí kọ̀ǹpútà, Ardis ló fi ìka méjì tẹ gbogbo ìlú wọlé, ó ń kùn bí ẹni ń já ìyẹ́ adìẹ.

Ìjọba kò ní kí wọ́n ṣe é lásán. Owó ìwúrí wà fún dókítà tó bá fi hàn pé òun ń lo ẹ̀rọ náà bó ti yẹ, ìyà sì wà fún ẹni tí kò bá lò ó, nítorí wọn yóò máa bù kúrò nínú owó tí wọ́n ń san fún un lórí àwọn àgbàlagbà tó ń tọ́jú. Dókítà Brandvold ti yáwó ní báńkì láti ra ẹ̀rọ náà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rọrùn. Wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ń fa sìgá sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní kí wọ́n máa ti orí ẹ̀rọ fi oògùn ránṣẹ́ sí ilé olóògùn, wọ́n fi ránṣẹ́. Àfi lọ́dún 2014 tí ìjọba mú tuntun dé: láàárín oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún, nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún aláìsàn, ó kéré tán mẹ́fà gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara wọn kọ̀wé sí dókítà lórí ayélujára.

Àárọ̀ ọjọ́ tí oṣù kẹwàá bẹ̀rẹ̀, Dókítà wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ òun àti Ardis, ohun tí kì í ṣe.

"Ardis, ilé ìwòsàn ńlá ìgboro yẹn tún pè mí. Wọ́n fẹ́ ra ibí."

"Kí wọ́n rà á ṣe kí ni?"

"Kí wọ́n tì í pa ni. Káwọn èèyàn wa máa wakọ̀ lọ bá wọn lọ́hùn-ún."

"Nínú yìnyín?"

"Yìnyín ò sí nínú ìṣirò tiwọn. Tá a bá yege lọ́dọ̀ ìjọba, màá san gbèsè báńkì, màá sì sọ fún wọn pé rárá. Tá ò bá yege, oṣù kìíní ni màá fọwọ́ síwèé wọn."

Ardis yọ awò ojú rẹ̀. "Gbogbo àìsàn tó wà láyé lẹ ti lé lọ ní Tolvik, Dókítà. Ṣé lẹ́tà ló wá fẹ́ pa wá?"

"Lẹ́tà tí wọn ò kọ ló fẹ́ pa wá."

Kọ̀ǹpútà kọ́ ni wàhálà wọn. Àgbẹ̀ tó ń gbin bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, tó ń tẹ ojú ẹ̀rọ kí katakata lè máa dá ara rẹ̀ darí, kò lè sọ pé òun ò mọ bọ́tìnnì. Ìwà ni wàhálà wọn. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní Tolvik, dídákẹ́ gan-an ni wọ́n ń pè ní ọmọlúàbí. Bí wọ́n bá fi kọfí lọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lo gbọ́dọ̀ kọ̀ kó o tó gba ife. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ara, "kò burú jù" ni wàá sọ. Nígbà tí ẹ̀rọ ìkóbíìtì gé ìka Orrin Haugstad, ó wé ọwọ́ mọ́ fìlà, ó wakọ̀ wá sí kílíníìkì, ó sì jókòó de àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ardis bi í pé kí ló ṣe é. "Kò burú jù," ni Orrin wí, "ẹ parí tìyá oníkọ́ yẹn ná."

Irú àwọn wọ̀nyí ni Ardis fẹ́ kí wọ́n máa jókòó kọ̀wé pé orí ń fọ́ wọn.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Verna Sletten, tí wọ́n jọ dàgbà lójú ọ̀nà kan náà, tó sì jẹ́ olórí àwọn tó ń se kọfí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bá a ṣí ojú òpó tí wọ́n ti ń kọ̀wé sí Dókítà, ó kọ ọ̀rọ̀ àṣírí tó fi máa wọlé fún un, ó sì dúró tì í.

"Kí n kọ kí ni?" ni Verna bi í.

"Kọ ohun tó ń ṣe ẹ́."

"Nǹkan kan ò ṣe mí."

"Verna, ìwọ tó ò lè dìde lórí àga láìdi tábìlì mú!"

"Ìyẹn kò burú jù."

Nígbà tó yá, ó tẹ̀ ẹ́: Ẹ káàsán, Dókítà. Ara mi le. Ẹ má wulẹ̀ dáhùn. Kí Ardis tó dé kílíníìkì, Verna ti pe tẹlifóònù láti tọrọ àforíjì pé òun yọ Dókítà lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì ó gbé odindi kéèkì wá, ó ní ìtìjú kò jẹ́ kóun sùn. Ìtàn náà tàn ká. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé bí èèyàn bá kọ̀wé sí Dókítà, dandan ni kó gbé kéèkì tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé mọ́.

Ardis pe Renata, obìnrin tó ń ṣojú fún ilé-iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ fún wọn, tó sì ń ti Texas sọ̀rọ̀.

"Ẹ lẹ ìwé ìkéde mọ́ ògiri," ni Renata wí.

"A ti lẹ̀ ẹ́. Wọ́n kà á, wọ́n ní ó dára."

"Wọ́n wá kọ̀wé?"

"Wọ́n ní ó dára ni mo wí, ọmọbìnrin. Wọn ò ní àwọn máa ṣe é."

Oṣù kẹwàá fẹ́ẹ̀ parí, iye tó wà lójú ẹ̀rọ kò kúrò lójú kan. Dókítà kì í béèrè, ṣùgbọ́n bó bá ń kọjá lẹ́yìn àga Ardis, á dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, á wo ojú ẹ̀rọ, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ohun tó ń wúwo tó ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì jọ gbé láìsọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, Ardis wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń nu ife, Verna sì ń da kọfí.

"Ṣé o rí Orrin nígbà tó ń bọ́ sílẹ̀ lórí katakata?" ni Verna wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ó fọwọ́ ti ikùn bí ẹni tó gbé ẹyin sábẹ́ ẹ̀wù."

"Ó sọ fún Dókítà?"

"Orrin? Á kọ́kọ́ kú ná, lẹ́yìn náà ló máa wá ronú sí i."

Ardis gbé ife tó ń nù sílẹ̀. "Ìwọ sọ fún un."

"Èmi kẹ̀? Ṣé ikùn mi ni?"

"Verna, mélòó lo ti sọ fún ní àárọ̀ yìí?"

Verna ronú. "Àwọn tó wà nídìí tábìlì yìí nìkan. Àti ti ọ̀hún yẹn."

"O ti wá sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan ṣoṣo tó lè ṣe nǹkan sí i ni kò gbọ́. Kọ ọ́ sí i. Dókítà lè gbọ́. Kò gbọdọ̀ sọ ẹni tó wí fún un."

Verna dá kọfí dúró lọ́wọ́. Èèyàn lè rí i pé ojú rẹ̀ ń mọ́lẹ̀ bọ̀. "Ìyẹn kì í ṣe pé mò ń yọ Dókítà lẹ́nu?"

"Orrin lò ń bá yọ ọ́ lẹ́nu."

Lọ́jọ́ Ajé, Ardis tún pe Renata, ó bi í bóyá wọ́n máa ka ìwé tí èèyàn kọ nípa àìsàn ẹlòmíràn. Renata ṣí òfin ìjọba wò.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Aláìsàn wa."

"Sí dókítà rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lójú òpó yẹn?"

"Níbẹ̀ gan-an."

"Wọ́n máa kà á nìyẹn. Òfin ò béèrè ara ẹni tí ìwé náà ń sọ."

Báyìí ni ilẹ̀kùn ṣe ṣí. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Àwọn tí kò lè sọ pé ẹ̀yìn ń dun àwọn, ojú wọn ti tó ẹ̀yìn gbogbo àdúgbò láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwé Verna ló ṣáájú: Èmi ò burú jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ikùn Orrin Haugstad. Ẹ má sọ pé èmi ni. Ẹ má wulẹ̀ dáhùn. Dókítà pe Orrin pé kó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn, ó ní kó dùbúlẹ̀ fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń gún sí apá, ó sì rí i pé ìfun ti ń yọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Orí bẹ́ẹ̀dì ni Orrin wà tó fi ìka tó kù tẹ tirẹ̀: Dókítà, ẹ ṣeun. Mi ò mọ ẹni tó tú mi fó. Bó bá jẹ́ Verna ni, ẹ bi í ìdí tó fi ń mu omi bíi màlúù láti ìgbà oòrùn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Verna wò. Ṣúgà ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Obìnrin kan kọ pé: Ọkọ mi ń hanrun, á sì dákẹ́ lójijì, mo máa ń rò pé mo ti di opó. Nínú ká hanrun àti ká dákẹ́, ẹ bá mi mú ọ̀kan. Ọkọ náà kọ̀wé lọ́sẹ̀ kan náà, ó ní ìyàwó òun kì í sùn lóru, kí Dókítà bá òun wádìí ìdí rẹ̀. Ìwé ń wọlé ṣáá, kò sì sí ẹni tó tún gbé kéèkì wá. Wọn ò ṣe ohun tó tó kéèkì, ti ẹlòmíràn ni wọ́n sọ. Bí ìfẹ́ ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn: kì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, á sì díbọ́n pé òun wá yá àkàbà ni.

Àárọ̀ kan nínú oṣù kejìlá, Ardis bá Dókítà nídìí ẹ̀rọ òun, ó ti ṣáájú rẹ̀ ka àwọn ìwé tó wọlé.

"Ardis, bọ́ sínú yàrá mi, kó o jókòó."

"Mo ní ẹnì kan lórí tẹlifóònù."

"Ẹni yẹn kò burú jù. Jókòó."

Ó tẹ̀ lé e wọlé, ó jókòó sórí àga aláìsàn. Láti ìgbà tó ti ń fi ènìyàn sórí àga yẹn, òun fúnra rẹ̀ kò tíì jókòó síbẹ̀ rí.

"Mi ò lè sọ ohun tí wọ́n kọ," ni Dókítà wí. "Mo lè sọ pé wọ́n pọ̀."

"Lórí kí ni?"

"Lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ẹnì kan máa ń dúró lágbedeméjì rẹ̀, á máa wo ògiri bí ẹni tó ń wo àwòrán. Kò sì sí àwòrán lára ògiri yẹn."

Ojú Ardis pọ́n dé etí. Ó fẹ́ sọ ohun tí gbogbo wọn ń sọ, ó tiẹ̀ ti la ẹnu.

"Ardis, tó o bá sọ pé kò burú jù, màá ti kílíníìkì yìí pa fúnra mi."

Ó pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́: òógùn tútù, ojú tó ń ṣú, oògùn orúnkún tó ń gbé mì bíi súìtì. Ọgbẹ́ ni oògùn náà dá sí i nínú, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ díẹ̀díẹ̀. Dókítà gba oògùn orúnkún náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní òmíràn, ó sì bú u dáadáa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, gbogbo àwọn tó wà nídìí kọfí ń wo ibi mìíràn tìṣọ́ratìṣọ́ra bó ṣe ń wọlé. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó kọ kọfí lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gba ife.

Nígbà tí ọdún parí, iye ìwé ti kọjá ohun tí ìjọba béèrè dáadáa. Renata kò gbà á gbọ́.

"Àwọn kílíníìkì mìíràn ń fi ẹ̀bùn fa èèyàn, wọn ò sì rí wọn fà. Kí lẹ fi tàn wọ́n?"

"A ò tàn wọ́n," ni Ardis wí. "A kàn ní kí wọ́n má sọ ti ara wọn."

Nínú oṣù kìíní, Dókítà dáhùn gbogbo ìbéèrè ìjọba lórí ẹ̀rọ, Ardis dúró tì í lẹ́yìn. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, èsì sì jáde pé wọ́n ti gbà á. Dókítà gbé tẹlifóònù, ó pe ọkùnrin ilé ìwòsàn ńlá, ó ní rárá, ẹ ṣeun. Ọkùnrin náà tún bi í, ó ní rárá. Ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, Dókítà ní rárá. Ọmọ ilẹ̀ yẹn ni ọkùnrin náà, inú rẹ̀ sì dùn, ó tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ìdánilójú.

"Ọ̀kan yìí, rárá gidi ni," ni Dókítà wí, ó sì gbé e sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Dókítà wọ kóòtù, ó ní ó dàárọ̀, ó lọ. Ìwé tí wọ́n fi ń sọ wákàtí iṣẹ́ ṣì wà lára gíláàsì ẹnu ọ̀nà, ti ọdún tó kọjá, oòrùn ti sá a. Ardis bó o kúrò. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ó fi èékánná ha á, ó fi omi gbígbóná nù ún, ó tún ha á, títí ó fi mọ́. Ó tẹ́ tuntun síbẹ̀: ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Igun kan wọ́. Ó ṣí i, ó tún un fi lélẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, ó ń lé afẹ́fẹ́ jáde, títí gbogbo rẹ̀ fi lẹ̀ dáadáa.