Lẹ́tà Tí Alhaja Fẹ́ Kọ

Òórùn èlùbọ́ àti àgbàdo gbígbẹ ló máa ń pàdé wa lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tí a bá ti ń sún mọ́ ọjà Ìpàtà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí ìgbà náà, ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń rán ọmọ jáde lọ ṣiṣẹ́ ìlú. Tiwa ni pé kí a kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà. Ẹni tí kò bá lọ kò ní gba máàkì.

Mi ò fẹ́ lọ rárá. Ìyá mi, tó ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè." Mo bá mú ṣọ́ọ̀kì mi, mo lọ.

Alhaja Sìfáwù, tó ń ta àgbàdo àti ọkà bàbà, ni wọ́n pín fún mi. Mo rò pé kò mọ nǹkan kan, títí mo fi bá a lẹ́yìn àwọn àpò ọjà rẹ̀ tó ń ka Kùránì geere. Ojú tì mí. Ìwé Yorùbá nìkan ni kò mọ̀ ọ́n kà, tí kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Kàdúná, ẹlòmíràn ló sì ń bá a kọ̀wé sí i. Kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá àtọmọ máa gba etí ẹlòmíràn kọjá mọ́.

Nígbà tí táàmù parí, mo gba máàkì tó dára, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Alhaja wá sílé wa, ó fi ìborùn bo síléètì rẹ̀. Ó kí ìyá mi tán, ó jókòó, ó wá yíjú sí mi.

"Tíṣà, wọ́n ti fún ọ ní máàkì tìrẹ. Èmi ò tíì kọ lẹ́tà mi."

Ìyá mi kò bá mi wí. Ó kó aṣọ kúrò lórí tábìlì fún wa. Gbogbo ọlidé yẹn la fi ṣe é, láìsí tíṣà kankan tó ń kọ orúkọ mi sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ lẹ́tà náà, ńṣe ló fi ọwọ́ bo ìwé kí n má baà rí ohun tó ń kọ. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ní Sátidé, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Málété láti kọ́ àwọn obìnrin àgbẹ̀ ní ìwé kíkà, ẹnikẹ́ni kò sì rán mi. Ká ní wọn ò fi ipá mú ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn, kì bá tí jáde nílé. Àgbà tí mo dà yìí, bí òjò bá dá a dúró ní Sátidé, ojú fèrèsé ló máa ń jókòó sí, tí á máa wò ó bóyá yóò dá.