"Wọ́n" Tó Pòórá Nínú Lẹ́tà Ìyá Àgbà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ló bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìlá. Òórùn ewé obì tó ń rọ gba gbogbo ilé, nítorí Ìyá Àgbà ru ẹ̀ka méjì bọ̀ láti oko ọ̀nà Ọ̀tan, bí ẹni gbé òkú ọmọ wálé.

"Wọ́n gé obì mi, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà! Obì yẹn ni ẹ̀rí mi pé ọkọ mi fún mi ní oko yẹn. Bá mi kọ ọ́ sí Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ bí àánú ṣe ń ṣe mí, bẹ́ẹ̀ ni inú mi ń dùn pé mo rí ibi tí màá ti lo Gẹ̀ẹ́sì mi. Olùkọ́ wa ti kọ́ wa bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gbé ohun tí a ṣe nǹkan sí síwájú, tí ẹni tó ṣe é á gbẹ́yìn, tàbí kó má tilẹ̀ yọjú. Ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá gba àbọ̀ nìkan ló ṣeé yí bẹ́ẹ̀: "gé" ṣeé yí, "wó" kò ṣeé yí. "Ẹni tó bá kọ *were fallen* fún mi, èmi fúnra mi á wó lé e lórí!"

Mo rò pé "wọ́n" Ìyá Àgbà ni irú èyí tí a ń sọ bí wọ́n bá jí ewúrẹ́ ẹni, tí a kò mọ olè. Mo kọ ọ́ láìdárúkọ ẹni tó gé e: *My six kola trees were cut down.* Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. N kò rí àṣìṣe kankan.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Kékeré, àbúrò olóògbé ọkọ Ìyá Àgbà, sìn wá lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní obìnrin kì í dá lọ sọ́dọ̀ Ajẹ́lẹ̀. Akọ̀wé ka lẹ́tà náà fún òyìnbó, ó sì yíjú sí wa.

"Ìyá, ọ̀gá ní ta ló gé e? Ìwé yín ò sọ."

"Mo sọ ọ́! Mo ní wọ́n gé e."

"Àwọn wo?"

"Wọ́n náà ni." Ìyá Àgbà tẹjú mọ́lẹ̀. "Ṣé kí n wá máa pe orúkọ ọkọ ni?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ọkọ yín ò ti kú ni? Òkú wá gé igi?" Ó kọ ọ́ pé a kò mọ ẹni tó ṣe é, ó sì pa fáìlì dé.

Bàbá Kékeré gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́. "Ọmọ wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o! Bó ṣe yẹ kó kọ ọ́ náà ló kọ ọ́."

Ìyìn yẹn mú mi fura. Nígbà tí Bàbá Kékeré yà sílé ọ̀rẹ́ wọn, mo bi Ìyá Àgbà léèrè wúyẹ́wúyẹ́ bóyá Bàbá Kékeré ló gé e.

"Ta ni mo tún ń pè ní 'wọ́n' nínú ilé yẹn? Wọ́n ti bí wọn kí n tó wọlé ọkọ. Akọ̀wé yẹn ni ò mọ̀wé kà."

Èmi tí mò ń pe Ìyá Àgbà gan-an ní "wọ́n" láti kékeré, n kò dá "wọ́n" ọ̀wọ̀ mọ̀ nígbà tó jáde lẹ́nu wọn. Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ láìṣì ni mo fi bo ẹni tó ṣe wọ́n níbi mọ́lẹ̀.

Mo ti gboyè ní yunifásítì báyìí. Kòkó Bàbá Kékeré ti so lórí ilẹ̀ náà, Ìyá Àgbà sì ń bi mí síbẹ̀ pé, "Òyìnbó ò tíì fèsì?" Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún wọn pé akọ̀wé kọ́ ló jẹ̀bi? Àbí kí n kọ lẹ́tà mìíràn, kí orúkọ Bàbá Kékeré wá ṣíwájú igi?