Eyín Tí Ọmọ Mi Dí

Òórùn òróró kànáfùrù ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú eyín tí ọmọbìnrin mi ṣí ní àdúgbò Plateau, nílùú Ṣábẹ̀ẹ́. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ ni a ti ń wo àwọn àpáta ńlá wa nínú eruku ọyẹ́. Ní òwúrọ̀ tí mo ń rántí yìí, èmi tí mo lo ọjọ́ ayé mi nídìí iṣẹ́ olùkọ́ jókòó sórí àga rẹ̀, mo la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Wọ́n ti dí eyín ẹ̀yìn mi kan rí ní Kútọnu, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi dí i ti yọ dànù. Bí ó bá tún yọ, fífà ni ó kù.

“Màmá, kì í ṣe ihò ni ó ń ṣẹ́gun wa,” ni ó wí. “Ibi tí eyín àti ohun tí a fi dí i ti pàdé ni kòkòrò ń gbà wọlé. Àtè tuntun tí mo fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́ yìí ní èérún fàdákà nínú, èyí tí ó kéré ju ìyẹ̀fùn èlùbọ́ lọ fíìfíì. Ojú lásán kò lè rí i. Òun ni yóò máa pa kòkòrò lẹ́nu ààlà.”

“Fàdákà? Ṣé o fẹ́ kí olè máa ṣọ́ ẹnu mi ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ la ẹnu, kí ẹ sì dákẹ́. Ní kíláàsì yín, ṣé ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ rí?”

Mo bi í bóyá àtè náà yóò pẹ́ lẹ́nu mi. Kò purọ́ fún mi. “Àwọn tí ó ṣe é ti dán an wò, ó sì dára, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ lẹ́nu ènìyàn tó. Èmi fúnra mi ni n ó máa yẹ̀ ẹ́ wò fún yín.”

Kò rí i yẹ̀ wò. Kí òjò ọdún náà tó dá, ọkọ̀ gbá a lójú ọ̀nà Parakou. Ìwọ náà mọ àṣà wa, ọ̀rẹ́ mi: òbí kì í wo sàréè ọmọ. Mo dìde láti tẹ̀lé àwọn tí ń gbé e lọ sin. Mo ní èmi kàwé, n kò bẹ̀rù èèwọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin di etí aṣọ mi mú.

“Ìyàwó wa, jókòó. Ṣé ìwé ni yóò bá ọ sunkún?”

Mo jókòó. Títí di òní, n kò tíì fi ojú kan ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Láìpẹ́ yìí, eyín mìíràn ń dùn mí, mo sì lọ bá oníṣègùn eyín kan ní Kútọnu tí kò mọ̀ mí rí. Ó fi dígí kékeré wo ẹnu mi títí.

“Màmá, ta ni ó dí èyí? Etí rẹ̀ kò là, kòkòrò kò sì débẹ̀.”

“Ọmọ mi ni.”

“Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ o! Ẹ bá mi kí i.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, mo sì ní yóò gbọ́.

Bóyá fàdákà náà ni, bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni, n kò mọ̀. Ó dí eyín yìí kí n lè máa jẹun láìbẹ̀rù. Òun gan-an wá ni n kò jẹ́ fi jẹun mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo fi ń jẹ iṣu, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn ará ilé rò pé ọjọ́ ogbó ni ó fà á, n kò sì bá wọn jiyàn. Obìnrin tí a kò jẹ́ kí ó rí sàréè ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibì kan tí yóò máa ṣọ́.